Ọmọ Tí Ó Gbọ́ Jù: Àgbéyẹ̀wò Ìmọ̀lára Ẹni Tí Ó Ní Ọ́tísíìmù Nínú Ìwé Mark Haddon àti ti Temple Grandin

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú èdè Yorùbá tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ni ‘gbọ́’. A máa ń gbọ́ ohùn, a máa ń gbọ́ òórùn, a sì máa ń gbọ́ èdè. Ọmọ tí ó bá ń ṣe ohun tí àgbà ní kí ó ṣe ni a ń pè ní ọmọ tí ó gbọ́ràn. Èyí tí kò bá ṣe é, a ó ní kò gbọ́ràn, a ó sì na ọwọ́ sí ẹgba. Èdè wa ti so etí pọ̀ mọ́ ìwà débi pé ó ṣòro fún olùkọ́ láti ya méjèèjì sọ́tọ̀ nígbà tí ó bá dúró níwájú kíláàsì. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, èyí kò dá wàhálà kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ọmọ kan wà tí ó jẹ́ pé kì í ṣe àìgbọ́ ni ó bí àìgbọ́ràn rẹ̀. Ó gbọ́, àgbọ́jù gan-an ni ìṣòro rẹ̀. Aago tí ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ síta láti lọ ṣeré ń gún òun ní etí bí abẹ́rẹ́. Àwọn onímọ̀ a máa pe ohun tí ó ń ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ́tísíìmù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ etí yìí kì í ṣe gbogbo ohun tí orúkọ náà dúró fún.

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣe lámèyítọ́ bí àwọn òǹkọ̀wé ṣe fi ìmọ̀lára irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ hàn. Òǹkọ̀wé méjì ni a gbé yẹ̀ wò ní pàtàkì. Èkíní ni Mark Haddon, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kọ ìtàn àròsọ ‘The Curious Incident of the Dog in the Night-Time’ ní ọdún 2003. Èkejì ni Temple Grandin, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí òun fúnra rẹ̀ ní ọ́tísíìmù, tí ó sì kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ sínú ‘Emergence: Labeled Autistic’ (1986) àti ‘Thinking in Pictures’ (1995). Ìwé Haddon gba ẹ̀bùn Whitbread gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ó dára jù lọ fún ọdún 2003, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn débi pé bí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kan bá ní òun fẹ́ ka ìwé kan ṣoṣo lórí ọ́tísíìmù, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ nà sí i. Ibẹ̀ ni a ti fẹ́ bá àwọn tí ń nà án sí i jiyàn. Ìwé náà dára gẹ́gẹ́ bí ìtàn àròsọ, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá ka òun nìkan yóò mọ ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ náà. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Ohun tí Kanner rí

Ní ọdún 1943 ni Leo Kanner, oníṣègùn kan ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ lórí àwọn ọmọ mọ́kànlá kan, àpilẹ̀kọ tí a lè pè ní ìpìlẹ̀ ohun tí à ń pè ní ọ́tísíìmù lónìí. Lára ohun tí ó rí ni pé ẹ̀rù ariwo máa ń ba àwọn ọmọ náà lọ́nà tí ó ya ni lẹ́nu. Ẹ̀rọ tí a fi ń fa ìdọ̀tí ilẹ̀ lè sọ ọmọ di ẹni tí ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n Kanner tún rí ohun mìíràn: ọmọ yìí kan náà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ariwo tí ó pọ̀ tó èyí tí ó ń sá fún, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ó wá parí rẹ̀ sí i pé kì í ṣe ariwo fúnra rẹ̀ ni ọmọ náà bẹ̀rù, bí kò ṣe ariwo tí ń já wọ inú àdáwà rẹ̀.

Ohun tí ó fi ojú rí kò ní àbùkù. Ìtumọ̀ tí ó fún un ni ó kù díẹ̀ káàtó, nítorí pé òde ni ó dúró sí tí ó ti ń wo ilé. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn onímọ̀ tó fún ọ̀rọ̀ yìí ní àyè tí ó tọ́ sí i. Ọdún 2013 ni ìwé DSM-5, tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe, tó ka ìmọ̀lára tí ó ga jù tàbí tí ó lọ sílẹ̀ jù mọ́ àwọn àmì tí a fi ń dá ọ́tísíìmù mọ̀ ní gbangba. Àádọ́rin ọdún gbáko ni ó wà láàárín méjèèjì. Kí a tún kíyè sí i pé ìwé náà ní ‘ga jù tàbí lọ sílẹ̀ jù’. Ẹni kan náà lè máa sá fún ohùn aago, kí ó má sì mọ̀ pé òun ti fi ara pa.

Christopher àti àwọ̀ ìyeyè

Christopher Boone ni olú ẹ̀dá-ìtàn inú ìwé Haddon. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ìlú Swindon ni ó ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ó rí ajá aládùúgbò wọn tí ẹnì kan ti fi irin oko gún pa, ó sì pinnu láti wádìí ẹni tí ó ṣe é. Ìwádìí náà ni ó tú àṣírí pé ìyá rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ sọ pé ó ti kú, wà láàyè ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọgbọ́n ìsọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe ni Haddon lò: Christopher fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀tàn. Ó yẹ kí ọgbọ́n yìí gbé wa wọ inú ara ọmọ náà. Ó gbé wa wọ orí rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ àwọ̀. Christopher kórìíra àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ilẹ̀. Bí ó bá rí ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè mẹ́rin léraléra lójú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ọjọ́ burúkú ni ọjọ́ náà, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí ó bá rí pupa márùn-ún, ọjọ́ náà dára gan-an. Nígbà tí ó fẹ́ sọ ìdí tí ó fi kórìíra ìyeyè, ó to àwọn ohun tí ó ní àwọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ: ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàdo, ibà pọ́njú, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìdí wọ̀nyí, ìdí orí ni. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ìdí ojú níbẹ̀. Kò sí ibi kan tí a ti gbọ́ pé àwọ̀ náà ń ta á lójú, tàbí pé ó ń mú un lórí fọ́. Lójú tiwa, Haddon ti sọ àwọ̀ di èèwọ̀. Òǹkàwé Yorùbá mọ èèwọ̀ dáadáa, kò sì ní ṣòro fún un láti gbà pé ẹnì kan kì í jẹ eku, ẹnì kan kì í wọ aṣọ pupa. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kì í dun ni. À ń pa á mọ́ ni. Ìdí nìyí tí òǹkàwé fi máa ń rẹ́rìn-ín ní àwọn ojú-ewé wọ̀nyí. Ẹ̀rín náà kò burú nínú ìwé, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá gbé e wọ kíláàsì yóò rò pé àṣà lásán ni ohun tí ó ń ni ọmọ lára.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ Haddon dù ú. Ibi mẹ́ta ni ó ti ṣe iṣẹ́ tí kò sí ẹni tí yóò lè bù ú kù. Àkọ́kọ́ ni ibi tí ọlọ́pàá ti ń da ìbéèrè bo Christopher. Ó fi àwọn ìbéèrè náà wé búrẹ́dì tí ń tò jọ nílé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ti ń gé e: èyí tí ó wà níwájú kò tíì kúrò tí òmíràn ti dé. Ọmọ náà dojú bolẹ̀ lórí koríko, ó ń kùn. Ọlọ́pàá di apá rẹ̀ mú láti gbé e dìde, ó sì gbá ọlọ́pàá. Bí a bá ka ibẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, a ó rí i pé ìbéèrè tí ó yára jù ni ó bí ìgbájú yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ kọ́ni, ẹ ka ibẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ kíkùn náà. Christopher ṣàlàyé pé ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá yí rédíò sí àárín ilé-iṣẹ́ méjì, tí kò sí ohun tí ó ń jáde bí kò ṣe híhó, tí ó sì wá gbé e sókè kí ó má baà gbọ́ ohun mìíràn. Ẹ̀kẹta ni ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Paddington. Níbẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ ara pátákó ìkéde bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ara wọn lójú ewé ìwé gan-an, lẹ́tà ń gun orí lẹ́tà, títí tí òǹkàwé fúnra rẹ̀ kò fi lè kà á mọ́. Haddon kò sọ fún wa níbẹ̀ pé ojú ọmọ náà kún àkúnjù. Ó mú kí ojú tiwa kún. Bí gbogbo ìwé náà bá rí bẹ́ẹ̀ ni, a kì bá tí kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Nígbà tí Simon Stephens sọ ìwé náà di eré orí ìtàgé ní National Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2012, ohun tí Marianne Elliott tí ó darí rẹ̀ gbájú mọ́ ni irú ibi wọ̀nyí: iná ń ṣẹ́jú, ariwo ń dún láti ibi gbogbo. Àwọn òǹwòran mọ ohun tí Christopher ń rí. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an lè má lè jókòó wò ó.

Haddon fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé òun kì í ṣe onímọ̀ ọ́tísíìmù àti pé ìwádìí tí òun ṣe kò pọ̀. Kò tan ẹnikẹ́ni. Àwa tí a sọ ìtàn àròsọ di ìwé ìlànà ni ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ọ̀rọ̀.

Temple Grandin: ọwọ́ ta ni ó wà?

Ọdún 1947 ni wọ́n bí Temple Grandin ní ìlú Boston. Nígbà tí ó wà ní kékeré, kò sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sì pè é, kì í dáhùn. Wọ́n rò pé adití ni. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Àlàyé tí ó ṣe nígbà tí ó dàgbà ni pé etí òun dà bí ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti há sí òkè pátápátá. Ọ̀nà méjì péré ni ó wà fún un: kí ó ṣí i sílẹ̀, kí gbogbo ariwo ayé wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí kí ó pa á pátá, kí ó má gbọ́ ohunkóhun. Ọmọ tí kò dáhùn yẹn ti pa á ni.

Ohun tí ó gbé Grandin ga nínú iṣẹ́ ọnà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́, ni àfiwé tààrà. Aago ilé-ẹ̀kọ́ dà bí ẹ̀rọ oníṣègùn eyín tí ó kan iṣan. Yẹ̀rì tí wọ́n ń wọ̀ fún un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi dà bí sáńpépà lára awọ. Bàlúùnù níbi ọjọ́ ìbí ọmọdé jẹ́ ohun tí ó lè bẹ́ nígbàkigbà, nítorí náà kò lè gbádùn àríyá. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ẹni gbogbo mọ̀ sí ìrora ni ó fi wé ohun tí ẹni gbogbo kò kà sí. Kò sọ pé ‘mo kórìíra yẹ̀rì’ bí Christopher ti sọ pé òun kórìíra ìyeyè. Ó gbé awọ ara rẹ̀ fún wa láti fi ọwọ́ kàn. Lẹ́yìn èyí ni ó wá sọ pé òun máa ń hùwà burúkú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òǹkàwé kò tún lè bínú sí ọmọ náà mọ́. Ta ni yóò wọ sáńpépà tí yóò jókòó jẹ́ẹ́ gbọ́ ìwàásù?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìfọwọ́kàn ni ó jinlẹ̀ jù nínú ìwé rẹ̀. Ó ń wu Grandin kí wọ́n gbá òun mọ́ra, bí wọ́n bá sì ti gbá a mọ́ra, ìmọ̀lára náà a bò ó mọ́lẹ̀ bí omi òkun, a sì já ara rẹ̀ gbà. Ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó lọ sí oko ẹran àǹtí rẹ̀ ní Arizona. Ó rí bí wọ́n ṣe ń ti màlúù wọ àárín irin méjì tí ń fún un ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́, ó sì rí i pé ara àwọn mìíràn ń balẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí àǹtí òun jẹ́ kí òun náà wọ inú rẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tí ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ó fi pákó kan irú ẹ̀rọ náà fún ara rẹ̀, ó sì ń wọ inú rẹ̀ lọ fún ara rẹ̀ mọ́ra. Òun ni ó ń fa ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Ó lè mú kí ó le, ó lè mú kí ó dẹ̀, ó sì lè jáde nígbà tí ó bá wù ú.

Ibí yìí ni ìdáhùn sí ohun tí Kanner rí ní 1943 wà. Ariwo tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa, ó mọ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí. Ariwo ẹlòmíràn a máa dé láìkàn-ìlẹ̀kùn. Bí a bá mú èyí padà sọ́dọ̀ Haddon, a ó rí i pé ibi tí ó ti ṣe dáadáa jù, ojú ọ̀nà yìí kan náà ni ó wà: rédíò tí ọmọ fúnra rẹ̀ gbé sókè, àti ọwọ́ tí Christopher àti àwọn òbí rẹ̀ máa ń nà tí wọn yóò fi orí ìka kan orí ìka dípò ìgbáramọ́ra. Àdéhùn ni ìka yẹn. Ó lè fà á padà.

Kí ni ilé-ẹ̀kọ́ ṣe sí ẹ̀rọ Grandin? Àwọn onímọ̀ ìrònú-ẹ̀dá tí ó wà níbẹ̀ kà á sí ohun àìdára, wọ́n sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì rẹ̀, William Carlock, kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ohun tí ó sọ fún un ni pé bí ẹ̀rọ náà bá ń mú ara rẹ̀ balẹ̀, kí ó lọ wádìí ìdí rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ọmọ tí kò bìkítà fún ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀ wá rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun kàwé. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn ní Colorado State University, ó sì tẹ àpilẹ̀kọ jáde ní 1992 lórí bí fífún ara mọ́ra ṣe ń mú ara balẹ̀. Olùkọ́ yìí kò wo ọ́tísíìmù sàn, kò sì jọ pé ó gbìyànjú rẹ̀. Ó béèrè ‘kí ló dé’ níbi tí àwọn tó kù ti sọ pé ‘ó tó gẹ́ẹ́’.

A ní ìjà kan bá Grandin náà jà. Nínú ìwé 1995, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ẹni tí ó ní ọ́tísíìmù ni ó ń fi àwòrán ronú bíi tirẹ̀. Nínú àtúntẹ̀ ọdún 2006, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ ronú, àwọn kan ń fi orin àti ìṣirò. Ẹ̀kọ́ ni èyí jẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ìwé ẹnì kan mọ ẹni gbogbo.

Ọmọ ilẹ̀ Japan

Ẹni tí yóò já ohun tí à ń sọ ní koro ni Naoki Higashida, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ìwé rẹ̀ jáde ní 2007, tí KA Yoshida àti David Mitchell sì túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 2013 pẹ̀lú àkọlé ‘The Reason I Jump’. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí wọ́n ní ó kọ ọ́. Ìbéèrè àti ìdáhùn ni ọ̀pọ̀ ìwé náà. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé tí ó fi máa ń di etí, kò sọ pé ariwo ń dun òun bíi ti Grandin. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé bí òun bá ń gbọ́ ọ lọ, òun kò ní mọ ibi tí òun wà mọ́. Ọmọ méjì di etí. Ọ̀kan ń sá fún ìrora, èkejì ń sá fún ìsọnù. Kò sí olùkọ́ tí ó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀.

Àwọn kan ń ṣe iyèméjì bóyá ọmọ náà ni ó kọ gbogbo rẹ̀, nítorí pé orí pátákó álífábẹ́ẹ̀tì ni ó ti ń tọ́ka sí lẹ́tà, ìyá rẹ̀ sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Iyèméjì yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, a kò sì ní fi ìwé náà ṣe ẹ̀rí bí a ti fi ti Grandin ṣe. Ohun tí a mú nínú rẹ̀ ni pé ó béèrè, ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá

Lítíréṣọ̀ Yorùbá kò ṣàìmọ ẹni tí ìmọ̀lára rẹ̀ yàtọ̀. Nínú ‘Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀’ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938, Àràmàǹdà-òkùnrin wà lára àwọn akọni tí wọ́n bá Àkàrà-ogun lọ sí Òkè Láńgbòdó. Bí oòrùn bá ń mú ni òtútù ń mú òun, nígbà tí ó yẹ kí òtútù mú ènìyàn ni òun ń làágùn. A kò sọ pé ọ́tísíìmù ni ó ń ṣe é o. Fágúnwà kò ronú kan èyí, àsọdùn alárinrin ni. Ohun tí ó wù wá níbẹ̀ ni pé wọ́n pè é bí wọ́n ti pe àwọn tó kù, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó kọ́kọ́ lọ kọ́ bí a ṣe ń gbọ̀n nínú òtútù.

Kíláàsì wa kò rí báyìí. Òrùlé páànù ni, òjò a máa lù ú. Ọmọ àádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ a máa ké ìsọdipúpọ̀ pọ̀, jẹnẹrétọ̀ a máa dún lẹ́yìn ògiri, yúnífọ́ọ̀mù tuntun a sì le gan-an nítorí sítáàṣì. Inú irú kíláàsì yìí ni akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí ń lọ. Nítorí náà, a dábàá pé kí á túmọ̀ orí tí Grandin ti sọ̀rọ̀ ìmọ̀lára nínú ‘Thinking in Pictures’ sí Yorùbá fún kíkà ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, kí á sì fi ojú-ewé Paddington ti Haddon tì í lẹ́yìn.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ náà yóò le níbi tí kò yẹ kí ó le. Ẹ mú gbólóhùn tí ó sọ pé wọ́n pe Temple, kò dáhùn. Bí a bá kọ pé ‘etí rẹ̀ di’, a ti pè é ní adití, àyẹ̀wò sì ti fi hàn pé kì í ṣe adití. Bí a bá kọ pé ‘ó kọ etí ikún’, ọ̀rọ̀ náà yóò dùn lẹ́nu, òun ni ó sì kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn olùtumọ̀, ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di olórí kunkun. Èyí tí ó kù ni ‘ó di etí rẹ̀’. Gbólóhùn náà kò ní ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó fi ọmọ náà sí ipò olùṣe nínú gírámà, tí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún òǹkàwé láti béèrè ohun tí ó ń di etí sí. Gbólóhùn kan náà yìí ni olùkọ́ máa ń kọ sínú ìwé àbájáde ìdánwò ní ìparí táàmù, ní àyè tóóró tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìwà.